Surrender: nígbà tí tẹ́náǹtì bá fẹ́ kó jáde kí rẹ́ǹtì ẹ̀ tó tán

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ní fúláàtì kan l'Ókè-Fìà níbí l'Óṣogbo, tẹ́náǹtì yín ti san owó ọdún kan, oṣù karùn-ún ló wá bá yín pé "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti tránsífà mi lọ Àbújá, mo fẹ́ kó jáde." Ohun tó ń tọrọ yẹn làwọn lọ́yà ń pè ní surrender: tẹ́náǹtì gbé ìyókù àkókò ẹ̀ sílẹ̀, lanlọ́ọ̀dù náà sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni méjì ló ń ṣe é o. Èyí tó kàn ju kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ilẹ̀kùn tó bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀, kò tíì ṣe surrender kankan, ilé ṣì wà lọ́rùn ẹ̀.

Nótíìsì oṣù mẹ́fà, ìyẹn kéèyàn ti sọ ọ́ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú kí wọ́n tó pínyà, làwọn èèyàn máa ń ṣì mú jù. Ẹni tó ń gbélé láti ọdún dé ọdún láìsí gbèdéke ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, bí agírímẹ́ǹtì ò bá sọ nǹkan míì. Ẹni tó gba ọdún kan péré, ọjọ́ tọ́dún náà bá pé ló parí, nótíìsì ò lè gé e kúrú, àfi tó bá wà nínú agírímẹ́ǹtì pé èèyàn lè jáwọ́ láàárín, tàbí kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò. Torí náà ẹ kọ́kọ́ lọ ka agírímẹ́ǹtì yẹn (ọ̀pọ̀ wa ò tíì ṣí i látọjọ́ tí ẹ́jẹ́ǹtì ti gbé e wá).

Orí owó nìjà wà. Bí agírímẹ́ǹtì ò bá sọ̀rọ̀ ìdápadà, kò sí tipátipá pé kẹ́ ẹ dá rẹ́ǹtì tó ti san padà, ṣùgbọ́n témi ni pé tẹ́ ẹ bá ti rí ẹlòmíì tó máa wọlé, ẹ yọ owó ọ̀dà àti ti ẹ́jẹ́ǹtì nínú owó oṣù tí kò gbé, kẹ́ ẹ fún un ní ìyókù, kí lẹ fẹ́ fi rẹ́ǹtì ẹni méjì ṣe lórí ilé kan? Kọ́ṣọ̀n fíì (owó tó fi sílẹ̀ nígbà tó ń wọlé, torí bí nǹkan bá bàjẹ́) tiẹ̀ yàtọ̀, ohun tó bá bàjẹ́ nìkan lẹ máa yọ níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o, tẹ́ ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, tẹ́ ẹ kun ilé, tẹ́ ẹ fi tẹ́náǹtì tuntun síbẹ̀, òfin máa kà á sí pé ẹ ti gbà, kódà bí ẹ ò kọ nǹkan kan, ẹ ò sì lè máa lé ẹni àkọ́kọ́ kiri fún rẹ́ǹtì látọjọ́ náà lọ. Ẹ kúkú kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tó ń jáde, iye owó tó máa gbà, iye kọ́kọ́rọ́ tó dá padà, kí ẹ̀yin méjèèjì sáìn, kí kálukú mú ẹ̀dà kan. Kó tó kó ẹrù sọ́kọ̀, ẹ jọ lọ wo mítà iná, torí bó bá ti lọ tán, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá bá fún gbèsè.