Ògiri Tuntun Tó Lanu: Kí Ló Dé Tí Ilé Búlọ́ọ̀kù Fi Ń Sán, Tí Ilé Amọ̀ Àtijọ́ Ṣì Dúró?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Kàbà lọ sí Ìyàrà, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, yóò rí ohun kan tó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ilé amọ̀ kan wà tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, síbẹ̀ tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ilé búlọ́ọ̀kù tí kò tíì pẹ́ tí a kọ́ ọ wà, tí ògiri rẹ̀ ti sán láti igun fèrèsé dé ìpìlẹ̀. Irú ilé méjì bẹ́ẹ̀ wà káàkiri Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Mọpà. Àwọn ìbéèrè tí àwọn onílé máa ń bi ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé àdúgbò ni a fẹ́ dáhùn níhìn-ín. Bí àwọn ìdáhùn náà tilẹ̀ yàtọ̀ síra, omi ni yóò máa jẹyọ nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ìbéèrè: Ṣé amọ̀ lágbára ju sìmẹ́ǹtì lọ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí ni pé ilé amọ̀ tó dúró nìkan ni ojú wa ń rí. Èyí tó wó ti di oko àgbàdo, kò sì sí ẹni tó ń kà á mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìwọ̀nba ilé amọ̀ tó ṣẹ́ kù wé gbogbo ilé búlọ́ọ̀kù tó wà nílùú kò ṣe ìdájọ́ tó gún.

Síbẹ̀, ọgbọ́n wà nínú àwọn tó ṣẹ́ kù. Ògiri amọ̀ nípọn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì ń mọ ọ́n, ní ipele-ipele, tí wọn kò ní gbé ipele kejì lé ti ìsàlẹ̀ títí yóò fi gbẹ dáadáa. Bí amọ̀ bá ń gbẹ, ó máa ń sún kì. Ohun tí àwọn àgbà ṣe ni pé wọ́n jẹ́ kí ó sún kì tán kí wọ́n tó di ẹrù lé e. Wọ́n tún jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta kí òjò má baà na ògiri, wọ́n sì ń tún ara ògiri rẹ́ láti ọdún dé ọdún. Ògiri amọ̀ náà ń sán, àmọ́ ọwọ́ àwọn tó ń rẹ́ ilé kì í jẹ́ kí a rí i. Ní ti búlọ́ọ̀kù, ó le, kò sì nípọn tó ti amọ̀, nítorí náà bí ìpìlẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò lè tẹ̀. Sísán ni yóò sán.

Ìbéèrè: Bíríkìlà wa ní sìmẹ́ǹtì ayé òde òní kò dára mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọbajana, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó tóbi jù ní Áfíríkà wà, kò jìnnà sí Kàbà, a kò sì lè sọ pé ọ̀nà jíjìn ló ba sìmẹ́ǹtì tiwa jẹ́. Kí a tó bú sìmẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí a ṣírò iye rẹ̀ tó wọ inú búlọ́ọ̀kù kan.

Bàágì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50, tí a bá sì dà á sínú garawa, kò ju nǹkan bí lítà 35 lọ. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì apá kan po yanrìn apá 8, yanrìn yóò jẹ́ lítà 280, èyí tí ó wúwo tó kìlógíráàmù 420 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Búlọ́ọ̀kù íńṣì mẹ́sàn-án, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 450 lọ́nà gígùn, 225 ní ìbú àti 225 ní gíga, tó sì ní ihò méjì nínú, lè wúwo tó kìlógíráàmù 27. Ìdí nìyí tí àpòpọ̀ bàágì kan kò fi lè ju búlọ́ọ̀kù 18 lọ púpọ̀. Ẹni tó bá wá mọ búlọ́ọ̀kù 40 jáde láti inú bàágì kan, yanrìn tó lò ti sún mọ́ apá 19 sí sìmẹ́ǹtì apá kan. Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù irú rẹ̀ sókè, ẹ fi èékánná ha igun rẹ̀. Bí ó bá ń rọ bí gààrí, ìdáhùn ti dé ọwọ́ yín.

Yanrìn náà tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Yanrìn ojú ọ̀gbàrá, tí a kó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lẹ́yìn òjò, sábà máa ń ní eruku àti amọ̀ nínú, amọ̀ yìí a sì bo ara yanrìn tí sìmẹ́ǹtì kò fi ní lè dì í mú. Ẹ bu yanrìn sínú ìgò títí dé ìdajì, ẹ da omi àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ìpele tín-ín-rín tó bá dúró lórí yanrìn ni ìdọ̀tí rẹ̀. Bí ó bá ju nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ wá yanrìn odò, tàbí kí ẹ fọ èyí tẹ́ ẹ ní.

Ìbéèrè: Kí ni omi ní í ṣe nínú búlọ́ọ̀kù tí a ti mọ tán?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gbígbẹ ni sìmẹ́ǹtì ń gbẹ tí ó fi ń le. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni ó ń bá ṣiṣẹ́ pọ̀ tí ó fi ń di òkúta. Bí omi bá tán nínú rẹ̀, iṣẹ́ náà dúró síbi tó dé. Ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí ètè ènìyàn ń là, búlọ́ọ̀kù tí a tò sínú oòrùn ń pàdánù omi rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ó yẹ kí a bò ó, kí a sì máa bu omi sí i fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Nítorí pé sìmẹ́ǹtì ṣì ń le sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní, ọjọ́ 28 ni àwọn ẹlẹ́rọ fi ń ṣe òṣùwọ̀n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dán agbára rẹ̀ wò.

Àṣà tí mo rí pé ó burú jù ni kí a mọ búlọ́ọ̀kù lónìí, kí a sì fi mọ ilé ní ọ̀túnla. Búlọ́ọ̀kù tútù yóò sún kì bí ó ti ń gbẹ. Bí ó bá sún kì nínú ọgbà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Bí ó bá sún kì lẹ́yìn tí a ti fi sìmẹ́ǹtì so ó mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ògiri yóò là tààrà láti òkè wá sílẹ̀. Bàbá ńlá wa kò ka ìwé lórí èyí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ògiri tútù kò gbọdọ̀ ru ẹrù.

Ti òpó àti lẹ́ńtù, ìyẹn kọnkéré tó dábùú orí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, yàtọ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1918, ní Chicago, ẹlẹ́rọ ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Duff Abrams fi ìdánwò púpọ̀ hàn pé bí omi tí a fi po kọnkéré bá ti pọ̀ ju ti sìmẹ́ǹtì lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dínkù tó. Lébìrà tó da omi sí kọnkéré kí ó lè rọrùn láti rù ti jí agbára rẹ̀ gbé láìmọ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni a ṣe lè mọ èyí tó léwu nínú oríṣi sísán tó wà?

Ìdáhùn: Ẹ wo bí ó ṣe rìn. Ìlà wẹ́wẹ́ tó dà bí àwọ̀n lójú ìrẹ́ sábà máa ń jẹ́ ti ìrẹ́ nìkan. Èyí tó bá ti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn gbéra ní ìdaagun, ẹ yẹ lẹ́ńtù wò. Ó yẹ kí orí rẹ̀ wọ inú ògiri tó íńṣì mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lọ́tùn-ún lósì. Èyí tó ń gun ojú ìsopọ̀ búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn ni ẹ bẹ̀rù. Ó ń sọ pé apá kan ìpìlẹ̀ ń rì ju apá kejì lọ.

Èyí tí kò tó mìlímítà kan kì í ṣe ohun ìpayà. Èyí tó bá kọjá márùn-ún, ẹ pe ẹlẹ́rọ tó mọ iṣẹ́ kí ẹ tó pe ẹni tí yóò fi sìmẹ́ǹtì dí i. Dídí ihò láìmọ ìdí kò yàtọ̀ sí kí a fi aṣọ bo egbò tó ń ṣọyún.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ǹtì kọjá kọ́ ló ń la ògiri wa?

Ìdáhùn: Ẹ̀sùn yìí wọ́pọ̀, ó sì yé wa ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ara ènìyàn tètè ń mọ ìmìtìtì. A máa ń gbọ́ ọ lára nígbà tí kò tíì sún mọ́ ohun tó lè la ògiri rárá. Gọngọ tàbí kòtò ojú títì tún ń mú ìmìtìtì pọ̀ sí i, ó sì yẹ kí ọ̀nà kọnkéré Ọbajana sí Kàbà, tó gùn ní kìlómítà 43, dín in kù níbi tí ó bá ṣì tẹ́jú. Ilé tó wà létí títì gan-an, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò sì dára, lè fara gbá a. Ṣùgbọ́n bí ilé tó jìnnà sí títì bá ń sán bíi ti ẹni tó wà létí rẹ̀, ẹ má dá awakọ̀ lẹ́bi.

Ìbéèrè: Ilẹ̀ wa ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òun ló ń gbé ilé sókè sódò?

Ìdáhùn: Ilẹ̀ pupa tó wà lórí àpáta ní agbègbè wa kì í sábà wú púpọ̀ tí omi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò dà bí ilẹ̀ dúdú apá Borno àti Gombe, tó ń wú lójò tó sì ń ya yánnayànna lẹ́ẹ̀rùn. Ìṣòro tiwa pọ̀ jù ní àkùrọ̀ àti ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ tí ọ̀gbàrá kó wá ti ń kó ara jọ. Bí ìlú ti ń fẹ̀, ibi tí àwọn àgbà ń gbin ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ sí ni a ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ báyìí, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìjìnlẹ̀ kan náà tí a gbẹ́ lórí òkè. Ilé tí apá kan rẹ̀ jókòó lórí àpáta, tí apá kejì sì wà lórí ilẹ̀ tí a kó dà síbẹ̀, yóò sán. Ìgbà tí yóò ṣẹlẹ̀ nìkan ni a kò mọ̀.

Ìbéèrè: Bí omi bá ti inú àgbàlá aládùúgbò wá wọ ìpìlẹ̀ mi, ta ni kí n bá wí?

Ìdáhùn: Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ bíríkìlà, tó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ onílé. Ẹ gbà pé òrùlé kan fẹ̀ tó mítà 150 níbùú lóròó. Òjò kan ṣoṣo tó rọ̀ tó mìlímítà 50 yóò da lítà 7,500 sílẹ̀ láti orí rẹ̀, ìyẹn ju dúrọ́ọ̀mù 37 lọ. Bí ilé 20 bá wà lórí òkè àdúgbò, lítà 150,000 ni, a kò sì tíì ka ti àgbàlá tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́. Kí a tó kọ́lé síbẹ̀, koríko àti ilẹ̀ ń mu apá kan rẹ̀. Ní báyìí gbogbo rẹ̀ ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ ògiri ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Ẹni tó wà lókè kì í fẹ́ dá owó gọ́tà, nítorí pé omi kì í dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ nìkan ni ara ń ta. Èrò tèmi ni pé owó orí kan náà fún gbogbo ilé kò tọ́. Ó yẹ kí ẹni tí òrùlé àti àgbàlá sìmẹ́ǹtì rẹ̀ fẹ̀ jù dá owó tó pọ̀ jù, nítorí òun ló ń rán omi jáde jù. Èyí kì í ṣe àṣà àjèjì tí mo dá sílẹ̀: ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ìlú ń gba owó omi òjò lọ́wọ́ onílé gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tó bò ti fẹ̀ tó. Ẹni tó bá fi koríko sílẹ̀ nínú àgbàlá rẹ̀, tàbí tó gbe omi òjò sínú táńkì, a dín owó tirẹ̀ kù. Kí gọ́tà sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi yóò dé, ìyẹn odò tàbí kọ́fátì, kí a máa gbẹ́ ẹ bọ̀ lókè. Ẹgbẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè yóò kàn yára gbé omi lọ bá aládùúgbò rẹ̀ ni.

Ìbéèrè: Ṣé a lè padà sí ilẹ̀ pupa?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, kò sì túmọ̀ sí pípadà sẹ́yìn. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1807, Francis Buchanan, ará Scotland, sọ pé òun rí i ní gúúsù Íńdíà pé àwọn ènìyàn ń gé irú ilẹ̀ pupa yìí bíi bíríkì, ó sì fún un ní orúkọ, laterite, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí bíríkì. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Ilé àti Ọ̀nà ti Nàìjíríà, NBRRI, tí a dá sílẹ̀ ní 1978, ti ṣiṣẹ́ lórí búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ ó rí i pé ìdá márùn-ún yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n kan náà tí a bú ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù 40 fún. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé yanrìn lásán kò ní ohun tó so ó pọ̀ ju sìmẹ́ǹtì lọ, nígbà tí ilẹ̀ pupa ní amọ̀ tirẹ̀, tí ẹ̀rọ sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Láti mọ bóyá ilẹ̀ yín yẹ, ẹ ṣe àpótí pákó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní mẹ́rin, tó sì jìn ní mẹ́rin. Ẹ ki ilẹ̀ tútù sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì wọn àlàfo tó ṣí sílẹ̀. Bí kò bá ju mìlímítà 15 lọ, sìmẹ́ǹtì apá kan sí ilẹ̀ apá 18 tó. Bí ó bá kọjá 60, amọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ po yanrìn mọ́ ọn tàbí kí ẹ wá ilẹ̀ mìíràn.

Ìbéèrè: Ilé mi ti sán ná. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ mú pẹ́ńsùlù, ẹ fa ìlà kékeré dábùú ibi tí sísán náà parí sí, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì tàbí gọ́ọ̀mù líle lẹ pípẹ́ gíláàsì tín-ín-rín kan dábùú àárín rẹ̀. Bí gíláàsì náà bá fọ́, ògiri ṣì ń rìn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé lè ní ìwé kan tí gbogbo ilé yóò máa mú ìwọ̀n tiwọn wá sí ní ìpàdé oṣooṣù, nítorí pé ilé kan ṣoṣo kò lè sọ ohun tí ilé 15 lórí òpópónà kan náà yóò sọ. Ẹ wọ̀n ọ́n láti oṣù Kẹrin tí òjò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá ń pa ẹnu dé lójò, tó sì ń là padà lẹ́ẹ̀rùn, amọ̀ abẹ́ ilé ló ń wú tó sì ń sún kì, bí a bá sì darí omi kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri ó lè fara balẹ̀. Bí ó bá ń fẹ̀ sí i lójò lẹ́ẹ̀rùn, ìpìlẹ̀ ń rì, kí a sì wá ẹlẹ́rọ kí òjò mìíràn tó dé.