Ẹ̀rọ ìgbórin alágbèéká olówó pọ́ọ́kú

Ẹ̀rọ ìgbórin alágbèéká olówó pọ́ọ́kú jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé orin tí wọ́n ti kó sínú mẹ́mọ́rì jáde láìlo dátà. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara. Ọ̀kan kò ní ju íápíìsì lọ. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní rédíò mẹ́mọ́rì, ní sípíkà tirẹ̀, ó sì ń gba FM. Èkejì yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé jù, torí òun ló sún mọ́ àwọn tó ń gbọ́ orin ìbílẹ̀ àti wáàsí.

Ìtàn

Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963, Sony sì gbé Walkman, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì alágbèéká, jáde ní 1979. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Fraunhofer ní Jámánì wà lára àwọn tó ṣe MP3, ọ̀nà tí a fi ń fún orin pọ̀ sínú fáìlì kékeré, 1995 sì ni fáìlì rẹ̀ gba orúkọ yìí. MPMan, ẹ̀rọ alágbèéká fún MP3 tí wọ́n ṣe ní Gúúsù Kòríà, dọ́jà ní 1998, iPod ti Apple sì tẹ̀lé e ní 2001. Apple dáwọ́ iPod dúró ní 2022, ṣùgbọ́n àwọn olówó pọ́ọ́kú ṣì wà lórí àtẹ.

Àǹfààní

Àgbẹ̀ tó wà lóko ní Ìfẹ́lódùn lè gbọ́ orin látàárọ̀ dalẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, bátìrì fóònù rẹ̀ kò sì ní kú. Ọ̀pọ̀ rédíò mẹ́mọ́rì ń lo bátìrì BL-5C, irú èyí tí Nokia lò nínú fóònù rẹ̀ àtijọ́. Ó ṣeé yọ, ó sì rọrùn láti rí pààrọ̀. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa lè fi ọwọ́ mọ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí fóònù olójú dígí kò gbà á láyè láti ṣe.

Lílò rẹ̀ fún dàdàkúàdà àti wáàsí

Dàdàkúàdà jẹ́ orin ewì tí Ìlọrin gbajúmọ̀ fún, Odòlayé Àrẹ̀mú àti Jáígbadé Àlàó sì wà lára àwọn tó gbé e dé ibi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá. Orí àwo àti kásẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti kọ́kọ́ wà. Ẹ̀gbẹ́ kan àwo ńlá máa ń tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ti kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan sì jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá kó o sí káàdì mẹ́mọ́rì inú ẹ̀rọ náà, ẹ̀gbẹ́ kan sábà máa ń di fáìlì kan ṣoṣo. Ibí gan-an ni ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ti ń kùnà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rántí ìṣẹ́jú tí wọ́n dé. Bí èèyàn bá pa á níbi tí oríkì ti ń wọra, tó bá tún tàn án, orin á bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ètò fáìlì náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí kì í to orin bí orúkọ ṣe tẹ̀ lé ara wọn; bí wọ́n ṣe kó o wọ káàdì ni wọ́n ń gbé e jáde. Ẹni tó kó súrà 114 inú Kùránì sí i láìtò ó lè gbọ́ Yásínì ṣáájú Bákárà. Ohun tó ń tán an ni pé kí wọ́n fi nọ́ńbà síwájú orúkọ fáìlì, láti 001 dé 114, kí wọ́n sì kó wọn wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bákan náà, èyí tó ní ojú ìwòran kì í sábà mọ lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́, bí ẹ, ọ àti ṣ. Orúkọ akéwì á wá di àmì ìbéèrè, ìyẹn sì jẹ́ àdánù gidi fún orin tí kò ní ìwé kankan tó ṣàlàyé rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe fún orin pọ̀ tún ṣe pàtàkì. Ní 128 kílóbíìtì fún ìṣẹ́jú àáyá, wákàtí kan gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 58, káàdì gígábáìtì 8 sì lè gba ohun tó ju wákàtí 130 lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣì máa ń dún ketekete ní 64, nítorí náà ó tó fún wáàsí. Ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo máa ń dún bí omi tó ń ṣàn ní 64. Sípíkà kékeré náà kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ ìlù ńlá jáde, bó ti wù kí fáìlì náà dára tó. Íápíìsì tó dára ló ń mú un padà.

Àwọn àléébù mìíràn

Ayédèrú káàdì wà lọ́jà: a kọ gígábáìtì 32 sí i lára, inú rẹ̀ kò sì ju 4 lọ. Orin tuntun á máa jókòó lórí ti àtijọ́ láìsí ìkìlọ̀. Ẹni tó bá rà á ní láti kó nǹkan sí i títí tí yóò fi kún, kó sì gbọ́ èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀ àti níparí. Fún ìdí yìí, káàdì kan ṣoṣo kò yẹ ní ibi ìfipamọ́ kásẹ́ẹ̀tì ìdílé.

Ní ti etí, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn 80 dẹ́síbẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀.

Òfin

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, fún ẹni tó ni orin láṣẹ lórí àdàkọ rẹ̀. Ẹni tó ń gba owó kó orin sí káàdì fún oníbàárà láìgbàṣẹ ń rú òfin yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ àwo dàdàkúàdà tí wọn kò tún tẹ̀ mọ́ fi ń dé etí àwọn ọ̀dọ́.