Bí Eérú Òkè Oníná Ṣe Ń Tọ́ka Sí Ọjọ́ Orí Ìgbà Yìnyín

Bí ọyẹ́ bá gbé eruku dé Ògbómọ̀ṣọ́ lóru ọjọ́ kan, eruku kan náà ni yóò bo páánù ilé, ewé máńgòrò àti aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Ohun tó bá wà lábẹ́ eruku náà ti wà níbẹ̀ kó tó dé. Ohun tó bá sì wà lórí rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló bọ́ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eérú òkè oníná ṣe ń ran àwọn onímọ̀ ilẹ̀ lọ́wọ́ láti mọ ìgbà tí yìnyín bo apá ńlá Amẹ́ríkà láyé àtijọ́.

Yìnyín náà ti yọ́ tipẹ́. Amọ̀ tó dà pọ̀ mọ́ òkúta ló fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òkúta náà ti wà kí yìnyín tó wọ́ wọn wá, nítorí náà wọn kò lè jẹ́rìí sí ọjọ́ orí rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù inú igi àti egungun, tí wọ́n máa ń fi mọ ọjọ́ orí nǹkan, náà kì í ṣeé gbára lé kọjá nǹkan bí 50,000 ọdún.

Ti eérú yàtọ̀. Nígbà tí òkúta ṣì yọ́ nínú òkè oníná, gáàsì ágọ́ọ̀nù ń sá kúrò nínú rẹ̀; ṣùgbọ́n bí hóró òkúta inú eérú bá ti tutù, irú pòtásíọ̀mù kan tó wà nínú rẹ̀ á máa di ágọ́ọ̀nù díẹ̀díẹ̀, gáàsì náà kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Ẹni tó bá wọn iye pòtásíọ̀mù àti ágọ́ọ̀nù náà lè ṣírò ìgbà tí òkè náà bú. Ààlà nìkan ni èyí fi lélẹ̀ o: amọ̀ tó wà lábẹ́ eérú dàgbà jù ú lọ, kò sì sọ iye ọdún tó fi jù ú.

Ibi tó ta kókó ni mímọ eérú tí à ń wò gan-an. Ó pẹ́ tí wọ́n fi gbà pé eérú kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní Pearlette, ló wà káàkiri ìpínlẹ̀ Kansas, Nebraska àti Iowa ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń fi to àwọn ìgbà yìnyín tẹ̀ léra. Nígbà tí wọ́n yẹ èròjà inú gíláàsì wẹ́wẹ́ rẹ̀ wò fínnífínní, ó hàn pé eérú mẹ́ta ni, tí òkè oníná Yellowstone tú jáde ní nǹkan bí 2,100,000, 1,300,000 àti 640,000 ọdún sẹ́yìn. Ọmọ ìyá mẹ́ta tó jọra ni wọ́n ti ń pè ní ẹnì kan. Ní Iowa, wọ́n tilẹ̀ bá amọ̀ yìnyín lábẹ́ eérú tó dàgbà jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ni wọ́n bá pa Nebraskan àti Kansan tì, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ìgbà yìnyín méjì àkọ́kọ́.