Lílé òkété kúrò ní ẹ̀yìnkùlé

Òkété jẹ́ eku ńlá tí ń gbẹ́ ihò gbé inú ilẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni Cricetomys gambianus. Ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú gúúsù Kwárà bíi Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo, òun ló sábà máa ń ni ihò ńlá téèyàn bá rí lẹ́yìn ilé: ní ìdí ọ̀pẹ, lábẹ́ ògiri amọ̀ àtijọ́, tàbí nínú ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Òkété tó dàgbà máa ń wọ̀n tó kílò kan sí kílò kan ààbọ̀. Ìrù rẹ̀ gùn, ó dúdú láti ìdí, ṣónṣó rẹ̀ sì funfun bí ohun tí wọ́n tì bọ ẹfun. Òru ló ń jáde. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, àmọ́ kò sí oúnjẹ tí imú rẹ̀ kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì tó fi ń kó ekùrọ́, ẹ̀pà, àgbàdo àti pákí lọ sínú ihò. Ó tún máa ń kó ohun tí kò ṣeé jẹ: àwọn tó ti gbẹ́ ihò rẹ̀ máa ń bá ìdérí ìgò, ìṣó àti owó onírin níbẹ̀.

Ihò náà ní yàrá fún oorun, yàrá fún oúnjẹ àti yàrá fún ìgbẹ́, ẹnu rẹ̀ sì máa ń ju ẹyọ kan lọ. Òkété kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbé ihò kan, àfi ìyá tó ń tọ́ ọmọ. Oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ, ó sì lè bí ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan.

Ọṣẹ́ tó ń ṣe

Àwọn àgbẹ̀ ń kẹ́dùn lórí àgbàdo tí òkété hú láàárín òru kan lẹ́yìn tí wọ́n gbìn ín, àti iṣu tó gé jẹ lábẹ́ ebè. Nínú ọgbà ilé, ohun tó burú jù ni ìpìlẹ̀ ilé. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, omi á gba ẹnu ihò wọlé, á máa wọ́ erùpẹ̀ abẹ́ ògiri lọ díẹ̀díẹ̀, títí ògiri á fi sán. Ilé alámọ̀ kì í fara da èyí pẹ́.

Wíwá gbogbo ẹnu ihò

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe. Wọ́n á dí ẹnu kan tí wọ́n rí, òkété á sì gba ẹnu mìíràn jáde lábẹ́ pápá. Ẹnu ihò tó ṣì ń ṣiṣẹ́ máa ń ní erùpẹ̀ tútù níwájú, èèpo ekùrọ́ yí i ká, ojú ọ̀nà tóóró sì já sí i láàárín koríko. Èyí tó ti di ahoro máa ń ní okùn aláǹtakùn lẹ́nu. Lójú ọ̀sán òkété fúnra rẹ̀ lè ti inú dí ẹnu ihò, nítorí náà kí a má ṣe rò pé ihò tó dí ti ṣófo. Ọ̀nà tó dájú ni kí a fi ewé dí gbogbo ẹnu náà wọ́ọ́rọ́wọ́ nírọ̀lẹ́, kí a sì ku eérú síwájú wọn. Láàárọ̀, èyí tí ewé rẹ̀ bá ti kúrò, tí ipa ẹsẹ̀ sì hàn lórí eérú, ni a ó dojú kọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ ihò. Ejò máa ń wọ ihò òkété gbé, ìbunijẹ òkété alára sì jinlẹ̀.

Mímú un

Ọ̀nà àtijọ́ ni kí a fín in. Wọn á dí gbogbo ẹnu ihò ku méjì, wọn á dáná sí ọ̀kan, wọn á da ata gbígbẹ sí i, wọn á sì máa fẹ́ èéfín wọlé. Ẹni tó dúró ti ẹnu kejì pẹ̀lú àwọ̀n ni yóò mú un. Nínú oko ni èyí bá a mu. Lẹ́yìn ilé, pàápàá nígbà ọyẹ́, iná lè ran mọ́ koríko.

Tàkúté onírin ló rọrùn jù fún onílé. Ẹyìn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ni ìjẹ tó dára. Kí a so tàkúté náà mọ́ èèkàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òkété tó fẹsẹ̀ há á wọ́ ọ wọ inú ihò. Kí a dẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́, kí a sì tú u láàárọ̀ nítorí ọmọdé àti adìyẹ.

Májèlé

Májèlé ló burú jù nínú gbogbo ọ̀nà yìí. Ọ̀tapíápíá tí ọ̀pọ̀ ń pò mọ́ oúnjẹ sábà máa ń ní dichlorvos nínú, oògùn kòkòrò tó lè pa èèyàn. Ní 2019, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de dichlorvos inú ìgò kékeré. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Ìlọrin kì í jẹ eku, àmọ́ láàárín àwọn Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́, òkété jẹ́ ẹran ọbẹ̀. Èyí tó jẹ májèlé lẹ́yìn ilé kan lè kú sí oko ẹlòmíràn, kí ẹni tí kò mọ̀dí gbé e lọ sí ìdí iná.

Ohun tó ń tẹ̀lé e

Kí a wọ ìbọ̀wọ́ kí a tó fọwọ́ kan òkété tàbí ìgbẹ́ rẹ̀. Eku mìíràn tó kéré jù ú lọ, Mastomys natalensis, ni olórí ẹni tó ń tan ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a ó wá dí ihò. Erùpẹ̀ nìkan kò tó. Òkúta àti àfọ́kù ìgò ni kí a kọ́kọ́ rọ́ sí i, kí a gún un mọ́lẹ̀ dáadáa, kí a tó fi símẹ́ǹtì bò ó. Kí a gbá ekùrọ́ àti máńgòrò tó já sílẹ̀, kí a sì kó ààtàn jìnnà sí ògiri. Ní Oṣù Kẹrin tí òjò bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, kí a tún ku eérú yí ilé ká, nítorí ìgbà náà ni òkété mìíràn lè wá gbẹ́ ihò tuntun.