Ogún ọdún kéèyàn tó gba ìwé: ìbéèrè yín lórí òfin ìsádi Ìlú Ọba àtàwọn tó ń ta kò ó

Láti ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 2025 tí Shabana Mahmood, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé Ìlú Ọba, ti dìde nílé aṣòfin láti kéde ìlànà tuntun fáwọn tó ń wá ìsádi, WhatsApp ò sinmi. Ọ̀kan ní wọ́n ti pa ìsádi rẹ́ pátápátá. Òmíràn ní gbogbo àjèjì ni yóò máa dúró fún ogún ọdún. Ẹ̀kẹta, tó kó jìnnìjìnnì báni jù, ní ẹni tí kámẹ́rà bá ká níbi ìwọ́de, kó yáa máa di ẹrù ilé. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ òótọ́ díẹ̀ há sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n máa rìn.

Kí ni mínísítà náà kéde gan-an?

Tẹ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n bá gbà pé ogunléndé ni lóòótọ́ máa ń gba ìwé ọdún márùn-ún, lẹ́yìn náà ló lè béèrè ìwé ìgbélùú títí ayé. Nínú ètò tuntun, oṣù 30 ni wọn yóò máa fún un lẹ́ẹ̀kan. Bó bá pé, wọ́n á tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò; bí wọ́n bá ní ìlú rẹ̀ ti rọgbọ, kó palẹ̀ mọ́. Ogún ọdún ni yóò fi wà lórí èyí kó tó lè béèrè ìwé títí ayé, àyàfi bó bá rí ọ̀nà iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ bọ́ sórí ètò mìíràn. Ìjọba tún fẹ́ kí ilé àti owó oúnjẹ tí òfin fi dandan mú un láti pèsè fáwọn tí kò ní nǹkan kan di ohun tó lè ṣe bó bá wù ú.

Dẹ́ńmáàkì ni wọ́n wò kọ ọ́. Níbẹ̀, láti ọdún 2016 ni òfin ti gba ìjọba láyè láti gba nǹkan olówó ńlá lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ìsádi. Nígbà táwọn oníròyìn béèrè bóyá Ìlú Ọba náà yóò gbà á, wọ́n fèsì pé àwọn ò ní bọ́ òrùka ìgbéyàwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ bá wa dúpẹ́.

Ṣé ó ti wá di òfin nìyẹn?

Ìkéde kọ́ ni òfin, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn sùn lọ. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni àbádòfin: ilé aṣòfin méjèèjì á jiyàn lé e lórí, wọ́n á dìbò, ọba á buwọ́ lù ú. Èkejì ni ìlànà ìwọ̀lú, tí mínísítà máa ń gbé ka iwájú ilé aṣòfin. Bí wọn ò bá dìde ta kò ó láàárín ọjọ́ tí òfin yà sọ́tọ̀, ó ti dúró nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń yí ayé àjèjì padà ní Ìlú Ọba, ọ̀nà kejì yìí ló ń gbà wọlé, láìsí ariwo. Ìdí nìyẹn táwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kì í fi í dúró kí òfin jáde kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Bí wọ́n bá dúró, ó lè ti bọ́.

Físà iṣẹ́ ni mo fi wọlé. Ṣé ó kàn mí?

Rárá, ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá tẹ́ ẹ gbọ́ pé òṣìṣẹ́ máa lò kó tó lè béèrè ìwé títí ayé, ìkéde ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ẹni tó gun ọkọ̀ ojú omi wọlé láìní físà, ṣé arúfin kọ́ ni?

Òfin méjì ló ń bá ara wọn jà níbí. Òfin Ìlú Ọba ti ọdún 2022 sọ pé wíwọlé láìgbàṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1951 lórí àwọn ogunléndé, tí Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ tọwọ́ bọ̀, sọ pé ẹni tó bá sá wá tààrà láti ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu, tó sì tètè fara hàn, kí wọ́n má fìyà ìwọlé jẹ ẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ ni pé kò sí físà kankan tí wọ́n ń pè ní físà ìsádi. Wọ́n ṣe ètò àkànṣe fáwọn kan, bí àwọn ará Ukraine, àmọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ Ìlú Ọba kó tó lè béèrè. Ìyẹn ni pé, wá kan ilẹ̀kùn kí n tó dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n mi ò ní kó o gba iwájú ilé mi kọjá.

Wọ́n ní owó gọbọi ni ìjọba ń fún àwọn tó ń wá ìsádi.

Pọ́n-ùn 49.18 lọ́sẹ̀ ni fún ẹni tó ń se oúnjẹ ara rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ẹ pín in sí ọjọ́ méje, pọ́n-ùn méje àti díẹ̀ ni: oúnjẹ, ọṣẹ, owó bọ́ọ̀sì, káàdì fóònù, gbogbo ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ fún un, tirẹ̀ kéré gan-an síyẹn.

Wọn ò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù 12 láìgbọ́ èsì, wọ́n lè tọrọ àyè láti ṣiṣẹ́, kìkì èyí tó bá wà nínú ìwé tí ìjọba ti kọ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú ìpolongo tó pẹ́ jù nìyí: àwọn àjọ tó kóra jọ lábẹ́ orúkọ Lift the Ban fẹ́ kí wọ́n jẹ́ káwọn èèyàn yìí ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ń bínú pé wọ́n jókòó tẹtẹrẹ ń jẹ owó ìlú yẹ kó wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. N ò tíì rí wọn níbẹ̀.

Ṣé gbogbo ìwọ́de yìí ti yí nǹkan kan padà rí?

Ẹ jẹ́ ká mú ti Rwanda, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Lóṣù kẹrin 2022, Boris Johnson tó jẹ́ olóòtú ìjọba nígbà náà kéde pé ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wá wá ìsádi, Rwanda ni wọ́n máa gbé e lọ. Ibẹ̀ ni yóò ti béèrè, ibẹ̀ náà ni yóò sì máa gbé. Wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó tó 130 pé kí wọ́n máa múra. Àjọ Care4Calais àti Detention Action, tó ń ran àwọn ogunléndé àtàwọn tí wọ́n tì mọ́lé nítorí ìwé ìwọ̀lú lọ́wọ́, gba ilé ẹjọ́ lọ. Ẹni kẹta tó bá wọn lọ ló yani lẹ́nu: PCS, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ìjọba fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ náà gan-an ló ní kí adájọ́ sọ fáwọn bóyá ó bófin mu. Àwọn lọ́yà ń gbé ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan dìde, orúkọ ń yọ kúrò nínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, méje ló kù. Bàálù ti ń dúró ní Boscombe Down, pápá bàálù àwọn ológun. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá sí i láti Strasbourg, kò sì pẹ́ tí kò fi ku ẹnì kan. Bàálù náà ò gbéra.

Lọ́jọ́ 15 oṣù kọkànlá 2023, adájọ́ márààrún ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fẹnu kò pé ètò náà kò bófin mu, torí ó ṣeé ṣe kí Rwanda dá àwọn èèyàn padà sínú ewu tí wọ́n sá fún. Ìjọba Rishi Sunak bá Rwanda tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun, ó sì ṣòfin lé e lóṣù kẹrin 2024 pé Rwanda kò léwu, kí gbogbo adájọ́ sì gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ni wọ́n fi ṣe o. Ká ní wọ́n dìbò pé òjò ò rọ̀ lánàá, ẹni tí aṣọ ẹ̀ tutù ni yóò ní ẹjọ́ í rò.

Lóṣù keje ọdún yẹn, ìbò gbé Keir Starmer wọlé, ó sì da ètò náà nù. Èèyàn mẹ́rin péré ló lọ Rwanda, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì fúnra wọn gbà láti lọ. Ìjọba tuntun ní 700 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ló bá a lọ.

Ṣé ìwọ́de ló pa á? Rárá. Ilé ẹjọ́ àti àpótí ìbò ni. Ohun táwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ṣe ni pé wọn ò jẹ́ kí bàálù gbéra kí àwọn méjèèjì yẹn tó dé. Láti ẹnu mínísítà títí dé orí àtẹ̀gùn bàálù, ẹnu ọ̀nà pọ̀ lójú ọ̀nà, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n dúró sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì gbàgbé: ìjọba tó sin ti Rwanda náà ló kéde ogún ọdún.

Mo gbọ́ pé àwọn kan dá bàálù tó ń bọ̀ ní Nàìjíríà dúró. Ṣé ìtàn ni?

Ó ṣẹlẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2017, àwọn 15 gé wáyà ọgbà pápákọ̀ òfuurufú Stansted, wọ́n wọlé. Àwọn kan dùbúlẹ̀ yí táyà iwájú bàálù ká, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú páìpù, wọ́n so ara wọn pọ̀. Àwọn yòókù fi òpó irin ṣe àgbékalẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ìyẹ́ bàálù. Èèyàn 60 ni wọ́n fẹ́ kó lọ Nàìjíríà, Gánà àti Sierra Leone. Wọn ò lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ló ṣòro í gbọ́. Wíwọ ibi tí kò yẹ kí wọ́n wọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Nígbà tó yá, wọ́n yí i sí òfin kan ti ọdún 1990, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí bọ́ǹbù já bàálù lulẹ̀ ní Lockerbie, ẹ̀sùn tó lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n gbére. Lóṣù kejìlá 2018, wọ́n jẹ̀bi. Adájọ́ ò rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí ẹ̀wọ̀n àwọn mẹ́ta ṣì rọ̀ sórí wọn ná, ó sì fún àwọn 12 tó kù ní ìyà tí kò mú ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́. Ní oṣù kìíní 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn da gbogbo rẹ̀ nù, ó ní kò yẹ kí wọ́n fi òfin yẹn kàn wọ́n rárá.

Lára àwọn tó yẹ kí bàálù yẹn kó lọ, a rí àwọn tí ẹjọ́ wọn padà yọrí sí rere, tí wọ́n sì ń gbé Ìlú Ọba dòní. Ọjọ́ kan ni wọ́n nílò, tí kò sí lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀.

Ṣé àwọn oníjà nìkan ló wà nídìí ẹ̀ ni?

Rárá. Ní Kenmure Street ní Glasgow, ní Scotland, lọ́jọ́ 13 oṣù karùn-ún 2021, ọjọ́ ọdún ìtúnu ààwẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú wá mú ọkùnrin méjì láàárọ̀, wọ́n tì wọ́n mọ́nú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ físà ni tiwọn, kì í ṣe ti ìsádi. Ẹnì kan yí sábẹ́ ọkọ̀ náà, ó sì wà níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò tú jáde, wọ́n jókòó sórí títì yí ọkọ̀ ká, wọ́n ń pariwo pé aládùúgbò àwọn ni, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ. Nígbẹ̀yìn, ọlọ́pàá ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, àwọn méjèèjì bọ́ sílẹ̀, èrò sì sìn wọ́n lọ. Kò sí òfin tó yí padà lọ́jọ́ náà.

Kí wá ni ti àwọn tó ń wọ́de lòdì sí àwọn tó ń wá ìsádi?

Ẹ̀tọ́ wọn náà ni, bí wọn ò bá fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó di rògbòdìyàn la mọ̀: lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ní Southport lóṣù keje 2024, àhesọ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹni tó wá ìsádi ló pa wọ́n. Irọ́ ni, Cardiff ni wọ́n bí ẹni náà sí. Òótọ́ ti jáde, síbẹ̀ àwọn onírògbòdìyàn ṣì fẹ́ dáná sun hòtẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ń wá ìsádi wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ 7 oṣù kẹjọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jáde sí Walthamstow ní London àtàwọn ibòmíràn láti dá irú ẹ̀ dúró. Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì láti fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ rántí Southport.

N ò tíì gba ìwé títí ayé. Ṣé mo lè wọ́de?

Ẹ lè ṣe é. Kò sófin tó ní káàdì lẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mú lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó dúró síbi ìwọ́de tó bófin mu. Ibi tí ewu wà ni kí wọ́n mú yín. Láti ọdún 2023, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn so ara rẹ̀ mọ́ nǹkan tàbí mọ́ ẹlòmíràn láti dí ọ̀nà. Bí ilé ẹjọ́ bá dá yín lẹ́bi, ó lè ba ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ gbà jẹ́, torí wọ́n máa ń wo ìwà; ẹ̀wọ̀n ọdún kan sókè sì lè gbé àjèjì dé ẹnu ọ̀nà ìdápadàsílé. Ẹ gbé pátákó, ẹ kọrin, ẹ kúrò nítòsí páìpù. Bí ẹjọ́ ìsádi yín bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ bi lọ́yà yín kẹ́ ẹ tó jáde.

Ṣé pẹtíṣàn wúlò?

Bí àwọn tó fọwọ́ sí èyí tó wà lórí ìkànnì ilé aṣòfin bá pé 10,000, ìjọba á fèsì. Bó bá pé 100,000, ilé aṣòfin á gbé e yẹ̀ wò bóyá káwọn jíròrò lé e.

Ṣé ọmọ Nàìjíríà lè dìbò níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀. Ọmọ ìlú Commonwealth ni wá, nítorí náà ẹni tó bá ń gbé Ìlú Ọba pẹ̀lú físà tó ṣì wúlò, tó sì ti pé ọdún 18, lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, títí kan ìbò àwọn aṣòfin. Ẹni tó ń retí èsì ìsádi láìní físà kankan lọ́wọ́ kò sí níbẹ̀.

Àjẹ́ǹtì kan ní kí n sanwó kó tètè bá mi béèrè ìsádi kí òfin tuntun tó dé. Kí n ṣe é?

Bí ewu bá wà fún ẹ̀mí yín nílé lóòótọ́, ẹ tètè wá lọ́yà lónìí, torí ìdádúró lè di ìbéèrè sí yín lọ́rùn. Ní England àti Wales, ìjọba máa ń san owó lọ́yà fún ẹni tí kò lówó nínú ẹjọ́ ìsádi. Bí kò bá sí ewu, tí àjẹ́ǹtì ní òun á bá yín kọ ìtàn, ẹ sá. Orúkọ yín ló máa wà lábẹ́ ìtàn náà, kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ ni ní Ìlú Ọba kẹ́nì kan máa gbani nímọ̀ràn ìwọ̀lú gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ láìforúkọ sílẹ̀. Lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ wà nínú ìwé ẹgbẹ́ wọn. Àwọn yòókù, Immigration Advice Authority ló ń fún wọn láṣẹ, orúkọ wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ẹ ní kó fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀, kẹ́ ẹ wá a síbẹ̀ lójú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí àpò owó. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú pé ẹ ò gba òun gbọ́, ẹ dìde.