Ọ̀nà Tó Ṣí àti Ọ̀nà Tó Dí: Láti Ogun Ìjàyè dé Ọ̀wọ́n Epo ní Bamako

Nígbà tí Ìbàdàn wọ Ìjàyè ní oṣù kẹta ọdún 1862, ebi ti ṣẹ́gun ìlú náà kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ààrẹ Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ẹni tí kò gbà kí Adélù jọba lẹ́yìn Aláàfin Àtìbà baba rẹ̀, ti kú ní ọdún tó ṣáájú, ṣùgbọ́n àwọn Ẹ̀gbá tó wá ràn án lọ́wọ́ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn àti ẹ̀tù. Oúnjẹ ló tán ní Ìjàyè, nítorí pé Ìbàdàn ti gba àwọn ìlú Òkè-Ògùn tí oúnjẹ ti ń wọlé, débi pé àwọn òbí ń fa ọmọ wọn lé àwọn míṣọ́nárì lọ́wọ́ kí ebi má bàa pa wọ́n lójú wọn.

Ọdún 21 ni mo fi wọ aṣọ sójà, ẹ̀ka ìpèsè ni mo sì wà jálẹ̀: oúnjẹ, epo, ọta ìbọn, táyà, oògùn àti omi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni àwọn ará àdúgbò ti ń bi mí pé orílẹ̀-èdè wo ni ìbọn rẹ̀ lágbára jù, tàbí pé kí ló dé tí ẹgbẹ́ ogun tó pọ̀ bí eéṣú fi ń sá fún ìwọ̀nba ènìyàn. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà: ibo ni nǹkan ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lójú ogun, ta ló ń ṣọ́ ibẹ̀, ta ló sì lè dí i?

Ọkọ̀ tó ń gbé epo lọ fún ọkọ̀ ogun náà ń jẹ epo lójú ọ̀nà. Bí ọ̀nà bá ṣe ń gùn sí i ni epo tó ń dé iwájú ń dín kù, títí a ó fi dé ibi tí ọkọ̀ ìpèsè kò ní lè gbé ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ yóò lò ní àlọ àti àbọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún aláàárù tó ń ru iṣu lọ sí bùdó ogun láyé àwọn baba wa, nítorí pé inú ẹrù orí rẹ̀ ni òun náà yóò ti jẹun. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn fi máa ń pọ̀ ju àwọn tó ń yìnbọn lọ nínú ẹgbẹ́ ológun òde òní, òun náà ló sì fà á tí ọ̀gá ogun tó mọṣẹ́ fi máa ń wá ọkọ̀ ìpèsè ọ̀tá kiri kí ó tó wá sójà rẹ̀.

Ìbàdàn tó fi ọ̀nà pa Ìjàyè ni ọ̀nà wá há mọ́ ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà. Ní 1878 ni Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi sí ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀ di ẹgbẹ́ ogun kan, Èkìtì Parapọ̀, tí Ògèdèǹgbé Ìlẹ́ṣà wá di olórí rẹ̀; ogun tí wọ́n bá Ìbàdàn jà ni a ń pè ní Kírìjì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún náà, Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn pẹ̀lú àwọn Ìlọrin nínú ogun Jálumi, lẹ́bàá Ìkìrun, ẹni tó bá sì wo ọjọ́ yẹn nìkan yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti dí ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn, ẹ̀tù àti iyọ̀ ti di ọ̀wọ́n, nígbà tí Èkìtì Parapọ̀ ní ọ̀nà tiwọn, ìyẹn ọ̀nà Oǹdó tó ti ọ̀sà gba inú igbó wọ òkè. Ọ̀nà yìí ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Sàró, ìyẹn àwọn tí a gbà lọ́wọ́ oko ẹrú tó padà wá láti Sierra Leone àti àwọn ọmọ wọn, gbà fi ìbọn tuntun tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn, bẹ́ẹ̀ ṣakabùlà tí a ń ki láti ẹnu ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń lò. Ẹni tó ń ki ìbọn láti ẹnu ní láti nàró kí ó tó lè ki í dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ki láti ìdí lè dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn igi kí ó sì máa yìn ín léraléra.

Ojú ogun márùn-ún ló tún ṣí sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan náà: Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Kírìjì, Ìlọrin ní Ọ̀fà, Ifẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, Ìjẹ̀bú ní Òru, àti Ẹ̀gbá. Kò sí ọ̀gá ìpèsè kan láyé tó lè bọ́ ojú ogun márùn-ún láti ìlú kan ṣoṣo tí ọ̀nà òkun rẹ̀ ti dí. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí bùdó ní 1885 láìrí òpin ogun náà. Ní 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ti lọ tí wọ́n ti bọ̀ láàárín bùdó méjèèjì, síbẹ̀ bùdó kò tú pátápátá títí di 1893. Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀mì ni wọ́n ta. Lójú tèmi, Ìbàdàn ló pàdánù, nítorí pé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé ìbọn.

N kò sọ pé ohun ìjà kò já mọ́ nǹkan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, sójà àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí kò tó 500 fi ìbọn Maxim, tó ń yìn léraléra fúnra rẹ̀, tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Ìjẹ̀bú ká ní Ìmàgbọ̀n. Ohun tó gbé wọn wá síbẹ̀ náà kò ju pé wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà Ìjẹ̀bú ṣí fún òwò.

Nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní 2022, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun tó gùn tó nǹkan bí 60 kìlómítà tò sí ọ̀nà àríwá Kyiv, gbogbo ayé sì rò pé ìlú náà kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ọkọ̀ wọn dúró lójú kan. Epo àti oúnjẹ ń tán, ẹrẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè kúrò lórí ọ̀dà, àwọn ọmọ ogun Ukraine sì ń bà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dè wọ́n. Kí oṣù kẹrin tó wọlé, Rọ́ṣíà ti ń kó wọn padà.

Owó oṣù náà ní ọ̀nà tirẹ̀, ojú kì í sì í tètè tó o. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ìwọ̀nba agbésùnmọ̀mí gba Mosul lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ológun Iraq tó pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì lórí ìwé. Kí ọdún náà tó parí, Haider al-Abadi tó jẹ́ olórí ìjọba sọ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé àwọn ti rí orúkọ 50,000 nínú ìwé owó oṣù tí kò sí sójà kankan nídìí wọn. Èyí kò yà mí lẹ́nu rárá. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ti gbé oúnjẹ dé ibùdó kan tí àwọn tó tò síwájú ìkòkò kò tó ìdajì orúkọ tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí mi, mo sì mọ̀ lọ́jọ́ náà pé bí ọ̀tá bá dé lóru, àwọn tó jẹun níbẹ̀ nìkan ni yóò kojú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mali ní 2025 ló jọ Kírìjì jù lójú mi. Mali kò ní etíkun, Senegal àti Côte d'Ivoire sì ni epo rẹ̀ sábà máa ń gbà wọlé. Láti oṣù kẹsàn-án ni ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí JNIM ti kéde pé epo kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, tí wọ́n sì ń dáná sun àwọn ọkọ̀ epo lójú títì. Wọn kò wọ Bamako, olú-ìlú Mali, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní àwọn ilé epo, ìjọba sì ti àwọn ilé ìwé pa fún ọ̀sẹ̀ méjì láti ìparí oṣù kẹwàá. Ẹgbẹ́ kan náà ló pa sójà Benin 54 ní àríwá orílẹ̀-èdè náà ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún yẹn. Àwọn ará wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin mọ ìdí tó fi yẹ kí èyí kàn wọ́n, nítorí pé ìlú wọn ni títì ńlá tó ti Cotonou lọ sókè ń gbà kọjá.

Ní Nàìjíríà, àwọn agbésùnmọ̀mí kọlu àwọn arìnrìn-àjò ní Auno, lójú ọ̀nà Damaturu sí Maiduguri, ní oṣù kejì ọdún 2020, tí ọ̀pọ̀ jóná mọ́ inú ọkọ̀ tí wọ́n sùn sí nítorí pé ẹnu ibodè ti tì. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, wọ́n ba òpó iná tó ń lọ sí Maiduguri jẹ́, òkùnkùn sì bo ìlú ńlá náà fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀nà ni wáyà iná pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ sì ni okùn íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà ní ìsàlẹ̀ òkun. Nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn okùn yìí já nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ọ̀pọ̀ báǹkì ní Nàìjíríà kò lè dá àwọn oníbàárà wọn lóhùn. Ọ̀tá kọ́ ló já a. Ẹni tó bá ń gbèrò ibi sí wa ti rí i ná pé ohun tí a fọkàn tán kò nípọn púpọ̀.

Dróònù, ìyẹn ọkọ̀ òfúrufú tí kò ní awakọ̀ nínú, ti mú kí gbogbo èyí le sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2025, Ukraine fi dróònù pamọ́ sínú ọkọ̀ àjàgbé, wọ́n wà wọ́n dé ẹ̀bá pápákọ̀ òfúrufú ológun inú Rọ́ṣíà, wọ́n sì ba àwọn ọkọ̀ òfúrufú ńlá tó ń ju bọ́ǹbù jẹ́ ní ibi tó jìnnà sí ojú ogun ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ní ayé Látòósà, ẹni tó wà lẹ́yìn bùdó lè fi ọkàn balẹ̀ sùn. Báyìí, ilé ìfọpo, èbúté àti ibùdó iná mànàmáná ti di ojú ogun, a kò sì tíì máa ṣọ́ wọn bí ojú ogun.

Ṣùgbọ́n sójà kò lè pọ̀ tó láti dúró sí gbogbo orí títì. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ló kọ́kọ́ dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn ní ilẹ̀ Èkìtì, kí ìbọn kankan tó dún ní Kírìjì. Nígbà tí mo ń kó ọkọ̀ ìpèsè gba ọ̀nà tó léwu, àwọn obìnrin tó ń pàtẹ létí títì ni mo máa ń kọ́kọ́ kí, nítorí pé wọ́n mọ àlejò tó kọjá lánàá àti èyí tí kò tíì padà. Bí wọ́n bá kó àtẹ wọn wọlé ní ọ̀sán gangan, mo máa ń ní kí ọkọ̀ dúró. Níbi tí àwọn tó ṣáájú wa ti gba owó lọ́wọ́ wọn tàbí tí wọ́n ti lu ọmọ wọn, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wò, wọn kì í dá mi lóhùn, a ó sì wakọ̀ lọ láìmọ ohun tó wà níwájú.