Bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń tọwọ́ bọ Wikipedia, àti ibi tí ipa ẹsẹ̀ wọn ti ń hàn

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2014, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ẹ̀sùn wò ní New York sọ pé ọlọ́pàá tó fún Eric Garner lọ́rùn kò ní ẹjọ́ láti jẹ́. Garner, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ti kú ní oṣù Keje ọdún yẹn, lẹ́yìn tó ti pariwo léraléra pé òun kò lè mí. Lọ́jọ́ tí ìpinnu náà jáde gan-an, ẹnì kan ṣí àyọkà tó wà lórí ikú rẹ̀ ní Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Garner gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè, ó pa á rẹ́, ó kọ ọ́ pé Garner ń ju apá kiri bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Níbi tí wọ́n ti ní ọlọ́pàá ti ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ojú di orí. Ó fi kún un pé Garner tóbi ju gbogbo ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ lọ dáadáa. Níbi tí wọ́n ti sọ pé iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ti ka fífún èèyàn lọ́rùn léèwọ̀, ó ki ọ̀rọ̀ kékeré kan bọ̀ ọ́ níwájú: pé òfin ò lòdì sí i, àmọ́ wọ́n ti kà á léèwọ̀.

Kò sí irọ́ pọ́ńbélé kan nínú rẹ̀. Garner tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka àyọkà náà lẹ́yìn àtúnṣe yìí á rí ọkùnrin gìrìwò kan tó ń jà ràpà, tí àwọn ọlọ́pàá kàn ń gbìyànjú láti ká lọ́wọ́ kò.

Nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tí àtúnṣe wọ̀nyẹn ti wá jẹ́ ti One Police Plaza, olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá New York. Ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, Capital New York, ló tú u síta ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ti Garner nìkan kọ́ ni wọ́n sì bá níbẹ̀. Nínú àyọkà lórí Amadou Diallo, ọmọ Guinea tí ọlọ́pàá mẹ́rin yìnbọn fún nígbà 41 ní ọdún 1999, gbólóhùn kan wà tó sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà ti lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ti yìnbọn fún ọkùnrin tí kò gbé ohun ìjà. Wọ́n sọ ọ́ di ọkùnrin tó gbé ohun ìjà. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà méjì péré ni wọ́n yọ. Ní ti Sean Bell, tí ọlọ́pàá yìnbọn nígbà 50 pa ní ọdún 2006, ẹnì kan láti inú nọ́ńbà ọlọ́pàá kan náà dábàá pé kí wọ́n pa odidi àyọkà náà rẹ́, nítorí pé kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà tún ká lára mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ibi tó ti wá? Wikipedia fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Láti ọdún 2001 tí ìwé ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ bọ́tìnì àtúnṣe lórí ọ̀pọ̀ jù lọ àyọkà rẹ̀, kó kọ ohun tó wù ú. Bọ́tìnì kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn èèyàn kì í sábà tẹ̀: «Wo ìtàn». Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á rí gbogbo bí àyọkà náà ti rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, orúkọ ẹni tó tún un ṣe, àti bí ohun tó fi kún un tàbí tó yọ ṣe pọ̀ tó. Tó bá mú méjì nínú wọn láti fi wéra, ojú ìwé á pín sí méjì, ti àtijọ́ lápá òsì, ti tuntun lápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ tó yí padà á sì yàtọ̀ ní àwọ̀. Ẹni tó pa gbólóhùn rẹ́ lórí Wikipedia, pálọ̀ ló ti gbé e kúrò lọ sí yàrá ẹ̀yìn, yàrá yẹn ò sì ní kọ́kọ́rọ́.

Tí ẹni tó ń ṣàtúnṣe bá ní àkáǹtì, orúkọ àkáǹtì ló máa hàn. Tí kò bá ní, nọ́ńbà IP tó gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì ni Wikipedia máa ń kọ sílẹ̀ dípò orúkọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iléeṣẹ́ ńlá kì í sì í gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Odidi agbo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ara wọn ni wọ́n ń gbà, tí wọ́n á forúkọ sílẹ̀ fún lọ́dọ̀ àjọ tó ń pín in: ARIN ní Àríwá Amẹ́ríkà, RIPE ní Yúróòpù, AFRINIC nílẹ̀ Áfíríkà. Ìwé orúkọ yìí ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó dà bíi nọ́ńbà mọ́tò. Ẹni tó bá rí KJA lára mọ́tò mọ̀ pé Ìkẹjà ni wọ́n ti gbà á. Ẹni tó ń wa mọ́tò náà lọ́jọ́ yẹn ni kò mọ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Caltech, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, Virgil Griffith, mú ìwé méjèèjì yìí, ó gbé ọ̀kan lé èkejì: ìtàn àtúnṣe Wikipedia, tó ju mílíọ̀nù 34 lọ, àti ìwé àwọn tó ni nọ́ńbà. Ó pe ohun tó ṣe ní WikiScanner. Ohun tí èèyàn á kàn ṣe ni kó tẹ orúkọ iléeṣẹ́ kan sínú rẹ̀, gbogbo àtúnṣe tó ti ọ̀dọ̀ wọn wá á jáde. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ àwọn oníròyìn ti bá nọ́ńbà CIA, ẹgbẹ́ amí Amẹ́ríkà, níbẹ̀, wọ́n bá ti Vatican, wọ́n bá ti ọ́fíìsì olórí ìjọba Australia. Nínú àyọkà lórí ààrẹ Iran nígbà yẹn, Mahmoud Ahmadinejad, ẹnì kan tó ń lo kọ̀ǹpútà CIA ti kọ igbe yẹ̀yẹ́ kan síbẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé ń ké. Orí ẹgbẹ́ amí tó lágbára tó yẹn la ti ń sọ̀rọ̀ yìí o.

Eré ọmọdé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Èyí tó ń pẹ́ nílẹ̀ ni yíyọ. Ẹni tó bá kọ ohun tuntun, wọ́n á bi í pé níbo lo ti rí i, nítorí òfin Wikipedia ni pé kí ọ̀rọ̀ ní orísun tí ẹlòmíràn lè lọ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá yọ ọ̀rọ̀ kò ní orísun kankan láti fi hàn. Àyọkà á ṣì máa dún dáadáa, ẹni tó ń kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ti wà níbẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ Marty Meehan fi èyí hàn kedere. Aṣòfin láti Massachusetts ni. Nígbà tó ń du ipò ní ọdún 1992, ó ṣèlérí pé òun kò ní lò ju sáà mẹ́rin lọ. Sáà kẹrin parí, kò lọ. Ìlérí náà wà nínú àyọkà rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2005, ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀ gbé àyọkà náà kúrò, ó fi ìtàn ìgbésí ayé tí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ kọ rọ́pò. Ìlérí sáà mẹ́rin bá pòórá. Ìwé ìròyìn Lowell Sun ló gbé e jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2006, olórí òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì gbà pé òun fọwọ́ sí i. Nígbà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún Wikipedia wá yẹ nọ́ńbà ilé aṣojú-ṣòfin wò, àtúnṣe tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ni wọ́n bá. Wọ́n ti nọ́ńbà náà pa fúngbà díẹ̀.

Ní Brasil, kò mọ sórí yíyọ, fífi ẹrẹ̀ kun ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, àtúnṣe jáde láti inú nọ́ńbà ààfin ààrẹ, Palácio do Planalto, sínú àyọkà àwọn akọ̀ròyìn méjì tó máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọrọ̀ ajé, Míriam Leitão àti Carlos Alberto Sardenberg. Ohun tí wọ́n fi kún un ni pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì kò gbámúṣé. Ìwé ìròyìn O Globo tú u síta ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, láàárín ìpolongo ìbò, òṣìṣẹ́ ìjọba kan sì gbà lẹ́yìn náà pé òun ló ṣe é.

Ní ọdún 2014 kan náà ni wọ́n já ọkọ̀ òfurufú MH17 lulẹ̀ ní ìlà-oòrùn Ukraine, tí èèyàn 298 kú. Wikipedia èdè Rọ́ṣíà kọ́kọ́ kọ ọ́ pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ Donetsk ló fi ohun ìjà tó ti Rọ́ṣíà wá já a. Nọ́ńbà kan tó jẹ́ ti VGTRK, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Rọ́ṣíà, wọlé, ó yí i sí pé ọmọ ogun Ukraine ni. Ẹ̀rọ kan tó ń ṣọ́ nọ́ńbà ìjọba lórí Twitter ló ta àwọn èèyàn lólobó.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń hù bí olú lọ́dún yẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Tom Scott ṣe èyí tó ń ṣọ́ ilé aṣòfin wọn. Ní Amẹ́ríkà, Ed Summers ṣe @congressedits. Nígbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni nínú ilé aṣòfin bá ti tẹ àtúnṣe láìwọ àkáǹtì, ẹ̀rọ náà á kéde rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò ní òṣèlú nínú: ẹnì kan níbẹ̀ tún àyọkà lórí ìbòjú orí ẹṣin ṣe. Òṣìṣẹ́ ń jẹun ọ̀sán, ó rí àṣìṣe, ó tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà IP nìkan kò fi tó láti fi dájọ́: ó sọ ilé tí ọ̀rọ̀ ti jáde, kò sọ ẹni tó sọ ọ́, kò sì sọ bóyá ọ̀gá ló rán an.

Bí wọ́n ṣe ṣèwádìí ọ̀rọ̀ Hillsborough fi èyí hàn. Ní ọdún 1989 ni èrò tẹ àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù Liverpool pa ní pápá ìṣeré Hillsborough ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, ìwé ìròyìn Liverpool Echo fi hàn pé láti orí kọ̀ǹpútà ìjọba ni wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ èébú sínú àyọkà Wikipedia lórí rẹ̀ ní ọdún 2009 àti 2012, tí wọ́n yí orin àwọn olólùfẹ́ Liverpool padà kó lè fi òkú wọn ṣẹ̀sín. Ẹgbàágbèje òṣìṣẹ́ ló ń gba ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì kan náà jáde. Ìjọba ní láti wádìí nínú ilé, ó sì gba oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó lé òṣìṣẹ́ kékeré kan lẹ́nu iṣẹ́.

Lójoojúmọ́ ṣá, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń ṣọ́ ilé. Ojú ìwé kan wà tí gbogbo àtúnṣe tuntun ń gbà kọjá bí omi; àwọn kan jókòó tì í, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní ClueBot NG sì ń dá ìbàjẹ́ tó hàn gbangba padà kí ojú tó ṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn àyọkà kan lè fi í sínú àwọn tó ń ṣọ́, kí ìròyìn máa dé bá a nígbàkígbà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Alámùójútó lè ti àyọkà, tàbí kó ti nọ́ńbà. Ní oṣù Keje ọdún 2014 wọ́n ti nọ́ńbà ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà pa fún ọjọ́ 10. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá rí àṣìṣe lóòótọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀: kó lọ sí ojú ìwé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó wà lẹ́yìn àyọkà, kó sọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, kó mú orísun dání, kí ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá ṣe é. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2014, ẹni tí wọ́n bá ń sanwó fún láti ṣàtúnṣe gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ń san án.

Àwọn tí gbogbo ìtàn wọ̀nyí dá lé lórí, àwọn tí kò ṣọ́ra ni. Ẹni tó gbọ́n díẹ̀ á ṣí àkáǹtì, á fi dátà fóònù ara rẹ̀ wọlé láti ilé, á kọ́kọ́ tún ọgọ́rùn-ún àyọkà lórí bọ́ọ̀lù ṣe kó lè dà bí ẹni gidi, kó tó wá fọwọ́ kan èyí tí wọ́n rán an sí. Kò sí WikiScanner tó lè rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn ìjọba mìíràn kò tilẹ̀ fi ti àtúnṣe ṣe. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, ẹ̀ka ọtẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Faransé, DCRI, pe Rémi Mathis, ààrẹ ẹgbẹ́ Wikimédia France nígbà yẹn, sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi pa àyọkà kan lórí ibùdó rédíò ológun Pierre-sur-Haute rẹ́. Ẹlòmíràn tó wà ní Switzerland dá a padà, àyọkà tí kò sẹ́ni tó ń kà tẹ́lẹ̀ wá di èyí tí wọ́n kà jù lọ lórí Wikipedia èdè Faransé lákòókò náà. Turkey ní tirẹ̀ ti odidi Wikipedia pa láti oṣù Kẹrin ọdún 2017 títí di oṣù Kìíní ọdún 2020.

Èdè tí èèyàn tó ń ṣọ́ ọ kò pọ̀ ló rọrùn jù láti wọ̀. Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àyọkà tó ju mílíọ̀nù 7 lọ, ojú tó ń wò ó sì pọ̀. Ti Yorùbá ní nǹkan bí 30,000 ó lé, àwọn tó ń ṣàtúnṣe déédéé níbẹ̀ sì kéré. Bí ẹnì kan bá yọ ìlà kan nínú àyọkà lórí gómìnà kan níbẹ̀ lóru, ó lè pẹ́ kí ẹlòmíràn tó ṣí i.

Nọ́ńbà tó tú àwọn ọlọ́pàá New York fó náà kò sì hàn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wikipedia èdè Potogí ti ní kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣàtúnṣe ṣí àkáǹtì láti ọdún 2020. Ní ọdún 2025, ọ̀pọ̀ Wikipedia, títí kan ti Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí fún ẹni tí kò ní àkáǹtì ní orúkọ ìgbà díẹ̀ dípò nọ́ńbà IP, kí àṣírí ibi tó wà má bàa hàn sí gbogbo ayé. Ààbò gidi ni fún ẹni tó ń kọ ohun tí ìjọba rẹ̀ kò fẹ́, ó sì dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó sí ọ́fíìsì náà pẹ̀lú. Nọ́ńbà àtijọ́ ṣì wà nínú ìtàn àyọkà fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ti ìsinsìnyí, àwọn alámùójútó àti àwọn tí wọ́n fún láṣẹ nìkan ló lè rí i.